Bàálù Tí Kò Pariwo Lókè Podlog

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Gorazd Lisjak fojú kan Brina, ohun tó rò ni pé obìnrin náà ti kú tán, ó kù kó balẹ̀ ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta ni. Gorazd dúró láàrin ọgbà àjàrà wọn ní Podlog, ó ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ rírọ̀ so ẹ̀ka àjàrà mọ́ wáyà, bí gbogbo ilé tó wà ní àfonífojì Vipava ṣe máa ń ṣe lásìkò náà. Òjìji kan gba orí ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ó gbójú sókè, ó rí bàálù funfun kékeré kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ lókè òrùlé ilé wọn. Abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ ń yí, ṣùgbọ́n Gorazd kò gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ nìkan ló gbọ́, fùù, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọbẹ̀ gbígbóná.

Ará Podlog mọ ariwo bàálù bí wọ́n ṣe mọ ikọ́ bàbá wọn. Ó ti lé lógún ọdún tí ẹgbẹ́ àwọn awabàálù ti ní pápá sí ìsàlẹ̀ abúlé náà. Èyí tó bá dákẹ́ lókè, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló kú. Gorazd kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó la odò kékeré kọjá, omi dé orúnkún rẹ̀, ó sì dé pápá pẹ̀lú ọ̀bẹ tó fi ń gé àjàrà lọ́wọ́.

Bàálù náà ti balẹ̀ jẹ́jẹ́. Obìnrin kan tó kó irun rẹ̀ sínú fìlà aláwọ̀ ewé ń jáde nínú rẹ̀.

"Ṣé nǹkan kankan ò ṣe ọ́?" Gorazd kígbe.

"Kí ló fẹ́ ṣe mí?"

"Ẹ́ńjìnnì ẹ ti kú!"

Obìnrin náà wo iwájú bàálù, ó wo ṣòkòtò ọkùnrin náà tó ń kán omi, ó wá wo ọ̀bẹ.

"Ó wà láàyè dáadáa. Ìwọ gan-an lo dà bí ẹni tó fẹ́ kú. Jọ̀ọ́, mí díẹ̀. Kí lo fẹ́ fi ọ̀bẹ yẹn ṣe?"

"Mo fẹ́ fi gé bẹ́líìtì ìjókòó ẹ ni, kí n lè fà ọ́ yọ."

Brina kò rẹ́rìn-ín lójú ẹsẹ̀. Ó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sì tíì sí ẹni tó sáré la odò kọjá nítorí rẹ̀ rí. Nígbà tó wá rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ kó tó dákẹ́.

Ó ṣàlàyé fún un pé iná mànàmáná ló ń gbé bàálù náà. Kò ní epo, kò ní páìpù èéfín. Bátìrì méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn ìjókòó. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é ní Ajdovščina lòun ti ń yẹ bátìrì wò láàrin ọ̀sẹ̀, lópin ọ̀sẹ̀ òun á sì máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní pápá yìí. Ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ háyà rẹ̀ ni, títí di oṣù kẹwàá, láti fi dán an wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dìbò bóyá kí ó dúró tàbí kí ó máa lọ.

"Ó máa ń pẹ́ tó báwo lókè?"

"Àádọ́ta ìṣẹ́jú. Mi ò ní parọ́ fún ẹ."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn náà ó gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀. Á gba iná fún wákàtí kan, á tún lọ."

"Ẹṣin bàbá bàbá mi máa ń sinmi jù bẹ́ẹ̀ lọ," ni Gorazd wí, "a sì fi ṣoko."

Àwọn ará ẹgbẹ́ kórìíra wákàtí kan yẹn. Wọ́n ní kí lèèyàn fẹ́ jókòó ṣe, kí bàálù máa mu iná bí ọmọ ọwọ́ tó ń mu ọmú. Brina náà kò fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, bí ó bá ti ki wáyà bọ bàálù lára, Gorazd á ti máa bọ̀ láti òkè, á gbé oúnjẹ lọ́wọ́, ẹyin díndín pẹ̀lú ewé tútù ìgbà ìrúwé, tí wọ́n ń pè ní frtalja, á fi aṣọ wé e kó má bàa tutù. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìgbaná. Wákàtí kan kò tó wọn.

"O ò mọ ẹyin dín," ni Brina wí lọ́jọ́ kan, ó sì ń jẹ ẹ́ tán. "Ó ti jóná mọ́ pán-ún."

"Gbé e padà fún mi nígbà náà."

"Mo sọ pé o ò mọ̀ ọ́n dín. Mi ò sọ pé mi ò ní jẹ ẹ́."

Ohun tí Gorazd fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé kì í bu ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀. Bí ó bá béèrè nípa bàálù náà, ó máa ń sọ ibi tó dáa àti ibi tó kù sí. Kì í ní òórùn epo, kì í gbọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ́ ohùn olùkọ́ yékéyéké. Owó iná rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó epo. Ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ wúwo, èèyàn méjì tó bá sanra kò lè jọ wọ̀ ọ́, bí òtútù bá sì mú, agbára rẹ̀ a dínkù. Gorazd, tó ti ń ṣe ọtí àjàrà láti ọmọ ogún ọdún, mọ ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò lè sọ àléébù ohun tí wọ́n fẹ́ràn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kí obìnrin yìí máa bá òun sọ òtítọ́ lójoojúmọ́.

Ní oṣù karùn-ún, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Brina wo ọwọ́ náà, ó wo ẹ̀rọ ìgbaná. "Ó ku ogún ìṣẹ́jú," ni ó wí, kò sì gba ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé olórí ẹgbẹ́ awabàálù náà ni Stojan Fabčič, bàbá Brina. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni, ó ní bàálù elépo pupa kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe, ó sì máa ń fi yí òkè Podlog po láàárọ̀ Sunday. Ohun ìṣeré ọmọdé ló ń pe bàálù aláìlépo. Ní òdìkejì, Ìyáàfin Danila, ìyá Gorazd, opó ni, òun ló sì kọ ìwé ẹ̀hónú sí ìgbìmọ̀ ìlú pé kí wọ́n ti pápá náà pa nítorí ariwo. Igba èèyàn ó lé méjìlá ló fọwọ́ sí i.

Ìwé náà dé ọwọ́ ẹgbẹ́ ní oṣù kẹfà. Stojan tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ní kí gbogbo èèyàn wá wo àwọn ọ̀tá. Brina wò ó. Orúkọ Danila ló ṣáájú. Orúkọ kejì ni Gorazd Lisjak.

Kò dúró di Sátidé. Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí òkè, ó bá Gorazd nínú ọgbà.

"Ìwọ lo ṣìkejì," ni ó wí. "O ò tiẹ̀ fi sí ìsàlẹ̀ níbi tí mi ò ti ní tètè rí i."

Gorazd mọ ohun tó ń sọ. "Oṣù kìíní ni mo fọwọ́ sí i. Mi ò tíì mọ̀ ẹ́ nígbà yẹn."

"Oṣù kẹta lo mọ̀ mí. Oṣù kẹfà la wà yìí. Ìgbà wo lo fẹ́ sọ fún mi? Ọjọ́ tí wọ́n bá fi kọ́kọ́rọ́ ti pápá?"

"Brina, màmá mi..."

"Má fi màmá ẹ bojú. Màmá ẹ kọ́ ni mo ń bá jẹun lórí bẹ́ǹṣì."

Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, Gorazd gbé oúnjẹ sọ̀ kalẹ̀, ó bá bẹ́ǹṣì lófìfo. Brina wà nínú ọ́fíìsì, ó ń wò ó láti ojú fèrèsé. Gorazd jókòó títí wákàtí náà fi pé, ó gbé abọ́ rẹ̀, ó sì padà sókè. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ kẹrin, kò wá.

Ẹ̀ẹ̀rùn lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án fi wọlé, ìbò ti ń sún mọ́lé, ó sì dá Brina lójú pé ẹgbẹ́ á dá bàálù náà padà. Ó lọ bá bàbá rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ rí kí ẹ tó gbà?"

Stojan ń nu ẹ́ńjìnnì, kò gbójú sókè. "Fi lọ sí Portorož létí òkun, kó o sì fi padà wá lọ́jọ́ kan náà. Bàálù tí kò lè gbé mi dé etí òkun jẹ ẹja kó sì gbé mi padà, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

"Tí mo bá ṣe é ńkọ́?"

"Màá dìbò fún un."

Ó lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Wednesday kan tí ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún ló gbà á dé ibẹ̀. Ó gba iná, ó jẹ ẹja sàdínì, ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù kó lè gbọ́ ìró ìjẹun òun. Àwọn tó ń sọ ojú ọjọ́ ti sọ pé burja kò ní dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Burja ni atẹ́gùn tó ń já bọ́ láti orí òkè Nanos lọ́dọ̀ wa, tí ń ká òrùlé, tí ń dojú ọkọ̀ akẹ́rù dé. Lọ́jọ́ yẹn, burja kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀. Ó pàdé Brina ní ìdajì ọ̀nà àbọ̀.

Bí atẹ́gùn bá kọjú sí bàálù elépo, epo ni yóò jó sí i. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú bátìrì kò ní àlékún. Brina rí i tí ìwọ̀n iná ń lọ sílẹ̀, tí àwọn abúlé ìsàlẹ̀ sì ń falẹ̀ kọjá bí ẹni pé wọn ò fẹ́ jẹ́ kó lọ. Ó yẹ kó yíjú padà kí atẹ́gùn gbé e lọ sétí òkun. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí ọwọ́ bàbá rẹ̀ tó ń nu ẹ́ńjìnnì, ó sì tẹ̀ síwájú fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn nìkan ni òmùgọ̀ tó ṣe lọ́jọ́ náà, ó sì tó. Nígbà tó fi rí Podlog, iná tó kù kò tó fi dúró lókè kó máa wá ọ̀nà mìíràn, atẹ́gùn tó wà lórí pápá sì ti burú ju èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́. Ó wá ilẹ̀ koríko tó tẹ́jú tí òkè fi ẹ̀yìn bò díẹ̀, ó sì balẹ̀ síbẹ̀. Kòtò kan gba ẹsẹ̀ iwájú bàálù, ó dá. Nǹkan kan kò ṣe Brina.

Koríko Ìyáàfin Danila ni. Ìyá náà ń ṣa aṣọ lórí okùn, kò gbọ́ ohunkóhun. Ó yíjú, ó bá bàálù nínú àgbàlá.

"Jésù Màríà! Ibo nìyẹn ti wá?"

"Ẹ má bínú, mà. Mo..."

"Ẹ̀bẹ̀ di ẹ̀yìn ná. Burja á gbé nǹkan yẹn ju sórí òrùlé mi. Mú okùn yìí!"

Àwọn méjèèjì so ó. Danila mọ atẹ́gùn náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó ní kí wọ́n so apá kan mọ́ òpó ọgbà, kí wọ́n so èkejì mọ́ kẹ̀kẹ́ katakata, kí wọ́n kó òkúta ti ìrù rẹ̀. Aṣọ tó ń ṣa ti fò lọ sọ́nà abúlé mìíràn, kò bìkítà. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ọwọ́ àwọn méjèèjì ti bó. Ó fa Brina wọlé, ó gbé abọ́ jota síwájú rẹ̀, ẹ̀wà pẹ̀lú kábéèjì kíkan, ó ń gbóná.

"Ìwọ ni ọmọ Fabčič."

"Èmi ni, mà."

"Jẹun."

Brina jẹun. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó béèrè ohun tó ti ń dùn ún láti oṣù kẹfà. "Mà, kí la ṣẹ̀ yín gan-an?"

Danila nawọ́ sí yàrá kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. "Oṣù mẹ́jọ ni Cvetko, ọkọ mi, fi ń kú lọ níbẹ̀. Àárọ̀ nìkan ló máa ń rí oorun sùn. Àárọ̀ Sunday, bàbá ẹ á gbé èyí tó pupa yẹn jáde, á máa yí wa po. Mo lọ bá a. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ibòmíràn, ọjọ́ Sunday kan péré. Ó ní kò sẹ́ni tó ni ojú ọ̀run."

Ẹyin lohùn. Ọdún méje ló ti wà nílẹ̀ ní fífọ́.

Stojan dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ tó so kẹ̀kẹ́ ẹrù mọ́ ẹ̀yìn, láti wá gbé bàálù. Gorazd ti ti ọgbà òkè dé ṣáájú rẹ̀, ó sì ti wà nínú ilé. Danila dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò yẹ̀.

"Bàbá," ni Brina wí láti inú ilé, "ṣé ẹ sọ fún ìyá yìí pé kò sẹ́ni tó ni ojú ọ̀run?"

Stojan ronú. Èèyàn rí i lójú rẹ̀ nígbà tó rántí. "Mo sọ ọ́," ni ó wí. "Mi ò mọ̀ pé aláìsàn wà nílé."

"O ò béèrè," ni Danila wí.

"Mi ò béèrè." Ó bọ́ fìlà rẹ̀, burja sì dà irun orí rẹ̀ rú. "Ìyáàfin Danila, mo ṣe é, kò dáa. Ẹ má bínú. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè sọ."

Danila yẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Kò sọ pé òun ti dárí jì í. Ohun tó sọ ni pé, "Wọlé, kó o ti ilẹ̀kùn. Gbogbo ooru ilé ló ń jáde."

Gorazd ti dúró sí ìdí sítóòfù. Brina kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. "Ṣé o ti wá sọ fún mi pé o ti pa orúkọ ẹ rẹ́?"

"Rárá. Ariwo yẹn burú. Mi ò lè sọ pé kò burú nítorí pé mo fẹ́ràn ẹ. Ṣùgbọ́n mo fi pamọ́ fún ẹ, ìyẹn ni mo ṣẹ̀ ọ́. Ẹ̀rù ló bà mí pé o máa lọ. O sì lọ náà."

Brina gbé síbí rẹ̀ sílẹ̀. Ká ní ó parọ́ ni, bóyá ìtàn yìí ì bá parí síbẹ̀. "Jókòó," ni ó wí. "Jota màmá ẹ dáa ju ẹyin ẹ lọ."

Nídìí tábìlì yẹn, Stojan ní bàálù náà ti kùnà, ó dé Portorož ṣùgbọ́n kò dé ilé. Brina kò jiyàn. "Ó kùnà, Bàbá. Èmi náà ṣe òmùgọ̀. Kì í ṣe bàálù ìrìn àjò, n kò sì ní sọ fún ẹnì kankan pé ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìgbà mẹ́wàá tí ẹgbẹ́ wa bá fò, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ló jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbéra, tó ń yí Podlog po, tó ń balẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́fà mẹ́fà. Ta ló nílò epo fún ìyẹn?"

"Èyí pupa ńkọ́?" Danila béèrè.

Stojan fi ìka fa ìlà sórí tábìlì. "Á máa gba ọ̀nà odò lọ, á gba ibẹ̀ bọ̀. Kò ní yí yín po mọ́."

Danila tún ìwé ẹ̀hónú rẹ̀ kọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó ní kí pápá wà ní ṣíṣí, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń fi bàálù aláìlépo fò, bí àwọn elépo bá sì gba ọ̀nà odò. Wọ́n tún ẹsẹ̀ bàálù ṣe kó tó di ọjọ́ ìbò. Ìbò méjì ni bàálù náà fi borí. Stojan mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ kò mú tirẹ̀ ṣẹ, ó sì sọ fún gbogbo èèyàn pé òun ò tíì fẹ́ràn nǹkan ìṣeré yẹn.

Ní oṣù kẹrin ọdún kejì ni Gorazd tó kọ́kọ́ wọ bàálù pẹ̀lú Brina. Wọ́n yí abúlé po, ó rí ilé wọn, ó rí ìyá rẹ̀ tó ń kọ ebè ọ̀dùnkún, tí kò gbójú sókè. Lókè ibẹ̀, láìpariwo, láìmúra ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó ní, "Brina, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Brina di ọ̀pá ìdarí mú. "Kí n balẹ̀ ná."

"Ìdáhùn nìyẹn?"

"A kì í dáhùn irú ìbéèrè yẹn nígbà tí a bá fẹ́ balẹ̀. Dákẹ́, olólùfẹ́, atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ wà."

Ó balẹ̀ tán. Ó rọra wa bàálù dé iwájú ilé tí wọ́n ń gbé e sí, ó pa á, ó pa iná bátìrì ìkíní, ó pa ìkejì. Ó mú ìwé tí wọ́n ń kọ ìrìn bàálù sí jáde. Gorazd jókòó tì í, ó ń wo bírò rẹ̀. Brina kọ aago tí wọ́n gbéra, ó kọ aago tí wọ́n balẹ̀, ó kọ ìwọ̀n iná tó kù, ó fi bírò pamọ́, ó wá kọjú sí i.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ó wí. "Ó yá, bọ́ sílẹ̀, bá mi tì í wọlé."